Ìgbésí Ayé Charles Augustin Coulomb, Ẹni tí ó Wọn Agbára Iyẹ̀pẹ̀ Ẹ̀yìn Ògiri

Ó ti di àṣà nínú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa pé kí a máa sọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá kan, kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí ipasẹ̀ rere tọ̀, kí àwa àgbà náà sì lè fi í yẹ ara wa wò. Ẹni tí a mú lọ́dún yìí kì í ṣe ọmọ Ìlọrin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, ó sì ti kú láti ọdún 1806. Síbẹ̀, nígbàkígbà tí ẹnjiníà tí ó mọṣẹ́ bá jókòó láti ṣírò ògiri tí yóò gba iyẹ̀pẹ̀ dúró ní ìlú wa, ọ̀nà tí ọkùnrin yìí là sílẹ̀ ni yóò tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ògiri bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Ẹ wo Òpópónà Táíwò, èyí tí a fi orúkọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo sọ, gómìnà Ìpínlẹ̀ Kwara tí a pa ní oṣù kejì ọdún 1976. Àwa ará ìlú a máa pe apá kan ní Táíwò Òkè, a sì máa pe apá kejì ní Táíwò Ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ní òkè tí ó sì ní ìsàlẹ̀, omi òjò yóò máa wá ọ̀nà sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ yóò sì máa fẹ́ bá omi lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti gé apá òkè, kí ó kún apá ìsàlẹ̀, kí ó sì mọ ògiri tí yóò gba iyẹ̀pẹ̀ dúró. Ẹni tí ó bá fẹ́ la gọ́tà níbẹ̀ náà ní láti mọ ògiri sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ògiri ilé àti ògiri iyẹ̀pẹ̀ jọ ara wọn lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò jọra. Òrùlé ni ògiri ilé ń rù. Láti òkè ni ẹrù rẹ̀ ti ń wá, ilẹ̀ ni ó sì ń tẹ̀ sí. Láti ẹ̀yìn ni a ti ń ti ògiri iyẹ̀pẹ̀, ní òru àti ní ọ̀sán, láìsinmi, ẹni tí ń kọjá lọ níwájú rẹ̀ kò sì lè rí ohun tí ń tì í. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà ni ó ń mọ méjèèjì bákan náà. Ibẹ̀ ni ewu ti ń wọlé, ìdí rẹ̀ sì nìyí tí a fi rí i pé ìtàn Coulomb yẹ ní sísọ fún wa.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1736 ni a bí Charles Augustin Coulomb ní ìlú Angoulême, ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé. Henry ni orúkọ bàbá rẹ̀, Catherine Bajet sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà ṣì kéré ni wọ́n kó lọ sí Párísì tí í ṣe olú ìlú. Níbẹ̀ ni ó ti jókòó tẹ́tí sí àwọn olùkọ́ tí wọ́n jinlẹ̀ nínú ìṣirò àti nínú ìmọ̀ ìràwọ̀, láti ìgbà náà ni ìfẹ́ ìṣirò sì ti wọ̀ ọ́ lára.

Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wù ú ni pé kí ọmọ òun di oníṣègùn. Ní àkókò kan náà, bàbá rẹ̀ kó owó lé òwò tí kò yọrí sí rere, owó náà ṣègbé, bàbá sì kó lọ sí ìlú Montpellier. Nígbà tí ọmọ kò gbà láti fi ìṣirò sílẹ̀, ìyá rẹ̀ bínú débi pé ó kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá tọ bàbá rẹ̀ lọ sí Montpellier pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Ní ọdún 1757, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìlú náà gbà á mọ́ra nítorí àwọn iṣẹ́ tí ó ti ṣe lórí ìṣirò àti ìràwọ̀.

Àwa tí a jẹ́ olùkọ́ ti rí irú ọ̀rọ̀ báyìí lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. A kò lè pe ìyá yìí ní ìyá burúkú, nítorí ohun tí ó ń wá ni iṣẹ́ tí yóò bọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí Ọlọ́run fi sí ọmọ nínú, ó ṣòro kí òbí tó fi ìbínú yọ ọ́ kúrò. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí tí ń ka ìwé yìí rò ó dáadáa.

Ìfẹ́ ìṣirò kì í ṣe oúnjẹ. Coulomb ní láti wá iṣẹ́, ó sì yan iṣẹ́ ẹnjiníà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ní oṣù kejì ọdún 1760 ni ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ẹnjiníà ọmọ ogun ní Mézières, ilé ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà. Ní òpin ọdún 1761 ni ó jáde, a sì fi í joyè lẹ́fútẹ́náǹtì.

Ọdún Mẹ́jọ ní Erékùṣù Martinique

Ìlú Brest tí ó wà ní etí òkun ni a kọ́kọ́ rán an lọ. Ní ọdún 1764, ẹnjiníà kan tí ó yẹ kí ó lọ sí erékùṣù Martinique, ní òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì, ṣàìsàn, a sì ní kí Coulomb lọ dípò rẹ̀. Báyìí ni iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di ẹni ńlá ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́, láìjẹ́ pé òun ni ó wá a.

Ní ọdún 1762 àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gba Martinique lọ́wọ́ àwọn Faransé. Bí wọ́n ṣe gbà á ni pé wọ́n gun àwọn òkè tí ó yọrí sí ìlú Fort-Royal, èyí tí à ń pè ní Fort-de-France lónìí, wọ́n sì ti ibẹ̀ kọjú àgbá ogun sí odi ìsàlẹ̀. Nígbà tí àdéhùn àlàáfíà ọdún 1763 dá erékùṣù náà padà, ọba Faransé pinnu pé a kò gbọdọ̀ tún fi orí òkè sílẹ̀ mọ́. Coulomb ni a fi ṣe alábòójútó iṣẹ́ odi tuntun tí a sọ ní Fort Bourbon. Odi náà wà níbẹ̀ títí di òní, Fort Desaix sì ni orúkọ tí ó ń jẹ́ báyìí.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún òṣìṣẹ́ ni ó wà lábẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ibà àwọn ilẹ̀ gbígbóná ń pa àwọn òyìnbó níbẹ̀ bí ẹní ń pa eṣinṣin, Coulomb pàápàá ṣàìsàn léraléra, ara rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ le mọ́ títí ó fi kú. Ó yẹ kí a tún rántí àwọn mìíràn. Ní Martinique ìgbà náà, àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ń fi òógùn wọn ṣe iṣẹ́ líle erékùṣù náà. Ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀ tí ó sì ru òkúta kì í sábà ní orúkọ nínú ìwé ìtàn, ṣùgbọ́n àwa tí a jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí a ti kó irú wọn lọ kò gbọdọ̀ gbàgbé wọn.

Kí ni odi ọmọ ogun bí kò ṣe ògiri òkúta gíga tí a kó iyẹ̀pẹ̀ ńlá sí lẹ́yìn? Ní ìgbà náà, àwọn ẹnjiníà Faransé ní ìwọ̀n tí Vauban fi sílẹ̀ fún wọn, ọ̀gá àwọn tí ń kọ́ odi, ẹni tí ó kú ní ọdún 1707. Ìwọ̀n Vauban sọ bí ògiri yóò ti nípọn tó fún gíga tí ó bá ga. Ìrírí ni ó fi kó o jọ, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìrírí ilẹ̀ kan lè má bá ilẹ̀ mìíràn mu. Bí ilẹ̀ bá yàtọ̀, tí òkúta yàtọ̀, tí òjò yàtọ̀, báwo ni a ó ṣe mọ̀ bóyá ògiri ti nípọn jù, tí a sì fi owó ọba ṣòfò, tàbí ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, tí yóò sì pa àwọn tí wọ́n wà nídìí rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni Coulomb gbé lé orí fún ọdún mẹ́jọ. Ó ń kọ́ odi ní ọ̀sán, ó sì ń kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ohun tí ó Fi Yé Ayé

Ní ọdún 1772 ni ó padà sí Faransé. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ọdún 1773, ó ka àwọn ìṣirò rẹ̀ níwájú Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì ní Párísì, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1776. Nínú ìwé kan ṣoṣo yìí ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa igi àjà, nípa òpó, nípa ilẹ̀kùn onírìísí òṣùmàrè, àti nípa ògiri tí ń gba iyẹ̀pẹ̀ dúró.

A ó gbìyànjú láti sọ èyí tí ó kan ògiri ní èdè tí yóò yé tọmọdé tàgbà. Bí a bá da yanrìn gbígbẹ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, kò ní dúró ṣánṣán bí ògiri. Yóò ṣe òkìtì, ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà yóò sì dagun. Bí a bá wá fẹ́ kí yanrìn náà dúró ṣánṣán, a ní láti fi nǹkan gbà á. Coulomb ní kí a fi ojú inú wo ègé iyẹ̀pẹ̀ kan lẹ́yìn ògiri, onígun mẹ́ta, bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gé iṣu ní ìdagun láti ìdí ògiri lọ sí òkè ilẹ̀. Ègé yìí ni ó fẹ́ yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Bí ó ti ń yọ̀ ni ó ń ti ògiri síwájú.

Ohun méjì ni ó ń dá ègé náà dúró kí ó má baà yọ̀ tán. Èkíní ni bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí amọ̀ ti ń ṣe. Èkejì ni bí iyẹ̀pẹ̀ ègé náà àti iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ṣe ń ha ara wọn, tí wọ́n sì ń di ara wọn mú. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ọmọ Ìlọrin láti mọ̀. Ìtàn sọ fún wa pé láti inú òkúta tí àwọn ará àtijọ́ ń lọ irin lórí rẹ̀ ni orúkọ ìlú wa ti wá. Ẹni tí ó bá ti lọ àdá rí mọ̀ pé bí a bá ṣe tẹ irin mọ́ òkúta tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe le tó láti fà á. Amontons, ọmọ Faransé mìíràn, ti sọ òfin yìí ní ọdún 1699; Coulomb ni ó mú un wọ inú ilẹ̀, tí ó fi ṣírò agbára iyẹ̀pẹ̀.

Ọgbọ́n tí ó wà nínú iṣẹ́ náà nìyí: kò sí ẹni tí ó lè rí ibi tí iyẹ̀pẹ̀ yóò ti gé nínú ilẹ̀. Coulomb kò méfò. Ó ní kí a ṣírò gbogbo ègé tí ó ṣeé ṣe, èyí tí ó dagun púpọ̀ àti èyí tí ó dagun díẹ̀, kí a sì mú èyí tí agbára rẹ̀ lórí ògiri bá pọ̀ jù lọ. Ògiri tí ó bá lè dúró níwájú èyí tí ó le jù yóò dúró níwájú gbogbo ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kékeré ṣe àpẹẹrẹ, bí a ti ń ṣe ní kíláàsì. Kí a sọ pé iyẹ̀pẹ̀ oníyanrìn gbígbẹ wúwo tó tọ́ọ̀nù 1.8 fún mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga. Irú iyẹ̀pẹ̀ bẹ́ẹ̀ a máa ti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí ó fi ń tẹ ilẹ̀. Bí ògiri bá ga ní mítà 2, agbára tí ń ti mítà kan gígùn rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 1.2. Bí a bá mú gíga náà lọ sí mítà 4, ẹni tí kò ṣírò yóò rò pé agbára náà di 2.4. Kò rí bẹ́ẹ̀, tọ́ọ̀nù 4.8 ni, ìlọ́po mẹ́rin. Agbára tí ó fẹ́ dojú ògiri náà dé láti ìdí sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí bíríkìlà tí ó ti mọ ògiri kúkúrú ní àmọ̀yege fún ogún ọdún fi lè mọ ògiri gíga kan ṣoṣo kí ó sì wó.

Òtítọ́ tí ó Gbé e Dé Ẹ̀wọ̀n

Láti ìgbà náà ni òkìkí Coulomb ti ń gbilẹ̀. Ní ọdún 1777 ó pín ẹ̀bùn gba lórí ọ̀nà tí a lè gbà ṣe abẹ́rẹ́ kọ́ḿpáàsì kí ó péye. Ní ìlú Rochefort, níbi tí a ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ó fi igi, irin àti okùn ṣe ìdánwò lọ́pọ̀lọpọ̀ lórí bí nǹkan ṣe ń ha ara wọn. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn ńlá Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ ní ọdún 1781, a sì yàn án ní ọmọ ẹgbẹ́ náà gan-an ní oṣù kejìlá ọdún kan náà.

Ọ̀ràn tí ó dé bá a ní ọdún 1783 ni a fẹ́ kí ẹgbẹ́ bí tiwa kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Àwọn kan fẹ́ fi owó ńlá gbẹ́ ọ̀nà omi kí wọ́n sì tún àwọn èbúté ṣe ní ẹkùn Brittany. A rán Coulomb lọ yẹ ìmọ̀ràn náà wò. Ó lọ, ó wò ó, ó wọn ọ́n, ó sì padà wá sọ pé èrè rẹ̀ kò tó owó tí a ó ná sí i. Ọ̀rọ̀ yìí kò dùn mọ́ àwọn alágbára tí wọ́n ti ní in lọ́kàn pé a ó ṣe iṣẹ́ náà. Kò pẹ́, Coulomb bá ara rẹ̀ ní ẹ̀wọ̀n ní Párísì, ó sì lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀.

Nígbà tí ó jáde, a tún bi í léèrè ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Ohun tí ó sọ tẹ́lẹ̀ ni ó tún sọ. Nígbẹ̀yìn, àwọn ará Brittany fúnra wọn rí i pé ọ̀rẹ́ wọn ni ọkùnrin tí ó sọ òótọ́ fún wọn. Àwọn tí wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ sọ pé wọ́n fi ẹ̀bùn ńlá lọ̀ ọ́, kò gbà; aago kan ṣoṣo ni ó gbà lọ́wọ́ wọn, ó sì ń fi aago náà ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìwà rẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí àti ìwà rẹ̀ nídìí ògiri kò yàtọ̀. Kò bi iyẹ̀pẹ̀ léèrè ohun tí ọba fẹ́ gbọ́. Ó wọn ohun tí ó wà, ó sì sọ ọ́.

Ìgbà Ìkẹyìn Rẹ̀

Láàrin ọdún 1785 àti 1791 ni ó kọ ìwé méje lórí iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì àti òòfà, àwọn wọ̀nyí sì ni ó mú kí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀. Ó fi okùn tín-ín-rín tí ń lọ́ wọn agbára tí ẹnikẹ́ni kò rí wọn rí, ó sì fi hàn pé bí a bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí ohun tí ó ní iná yìí lára, agbára rẹ̀ yóò dínkù di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní ọdún 1881, ìpàdé àwọn onímọ̀ iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì ní Párísì fi orúkọ rẹ̀ sọ ìwọ̀n kan, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga wa kò sì sí tí ń kọ́ físíìsì tí kò tíì kọ orúkọ náà rí. Orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn orúkọ 72 tí a kọ sára ilé ìṣọ́ Eiffel.

Nígbà tí ìjọba ọba ń dojú dé ní Faransé, ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní ọdún 1791. Ní ọdún 1793 a tú Ẹgbẹ́ Àwọn Onímọ̀ ká, Coulomb sì kó lọ sí ìgbèríko nítòsí Blois pẹ̀lú Borda ọ̀rẹ́ rẹ̀, títí ìjì náà fi rọlẹ̀. Ní ọdún 1795 ni ó padà sí Párísì. Láti ọdún 1802 títí ó fi kú, ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tí ń bẹ ilé ẹ̀kọ́ wò káàkiri ilẹ̀ náà. Inú àwa olùkọ́ dùn láti rántí pé iṣẹ́ tiwa ni ó fi parí tirẹ̀. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1806 ni ó jáde láyé, ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó fi ìyàwó àti ọmọkùnrin méjì sílẹ̀.

Bí Iṣẹ́ Rẹ̀ ṣe Dé Ọ̀rọ̀ Ìsẹ̀lẹ̀

Coulomb kò kọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ tí ń mì nínú ìṣirò ògiri rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rere a máa bímọ lẹ́yìn ẹni tí ó ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1923, ilẹ̀ mì tìtì ní agbègbè Tokyo àti Yokohama ní ilẹ̀ Jàpáánù, ó sì pa ènìyàn tí ó ju 100,000 lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹnjiníà Jàpáánù méjì, Okabe àti Mononobe, tún gbé ègé iyẹ̀pẹ̀ Coulomb yẹ̀ wò. Wọ́n ní nígbà tí ilẹ̀ bá ń mì, ìwúwo nìkan kọ́ ni ó ń ti ègé náà. Mímì náà a máa jù ú síwá sẹ́yìn. Nítorí náà, kí a fi ìdá kan nínú ìwúwo rẹ̀ kún un ní ìhà ẹ̀gbẹ́, kí a sì ṣírò bí Coulomb ti ṣe. Bí ìdá náà bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá, agbára lórí ògiri inú àpẹẹrẹ wa yóò fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i. Títí di òní olónìí, ìṣirò àwọn méjèèjì yìí wà lára ohun tí àwọn ẹnjiníà ń lò ní àwọn ilẹ̀ tí ń mì.

Ilẹ̀ tiwa kò sí lójú ọ̀nà ìsẹ̀lẹ̀ ńlá bí ti Jàpáánù, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Síbẹ̀, ìlú Accra wó púpọ̀ nínú ìsẹ̀lẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 1939, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ilẹ̀ mì díẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1984, ó sì mì ní Àbújá, ní agbègbè Mpape, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018. Ẹni tí ó bá ń kọ́ ilé ńlá kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun rárá.

Ohun tí ó Kàn Wá

Ọ̀tá ògiri wa gan-an kì í ṣe ìsẹ̀lẹ̀. Omi ni. Ẹ padà sí ògiri mítà 2 tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, tọ́ọ̀nù 1.2 ni ó ń tì í. Bí òjò bá rọ̀ tí omi kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé òkè, omi nìkan yóò fi tọ́ọ̀nù 2 tì í, a ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ti iyẹ̀pẹ̀ kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ yóò ju ìlọ́po méjì ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Ìdí nìyí tí ògiri fi ń dúró láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta tí gbogbo ènìyàn sì ń yìn ín, tí ó sì ń wó ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Òótọ́ ni fún ògiri ilé. Ṣùgbọ́n ògiri iyẹ̀pẹ̀ gbọ́dọ̀ lanu díẹ̀, kí omi lè rí ọ̀nà jáde.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a mú ìwọ̀nba ìmọ̀ràn yìí lò. Kí a fi òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìn ògiri dípò amọ̀, kí a sì gbé páìpù kéékèèké gba inú ògiri já síta nítòsí ìdí rẹ̀. Kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jìn, kí ó sì fẹ̀ sẹ́yìn sí abẹ́ iyẹ̀pẹ̀, kí iyẹ̀pẹ̀ tí ó fẹ́ tì í ṣubú lè máa tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí a má ṣe kó yanrìn, búlọ́ọ̀kù tàbí ọkọ̀ akẹ́rù sí eteetí òkè ògiri, nítorí ẹrù náà yóò ti ògiri pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ni. Ògiri tí ó bá ga ju àyà ènìyàn lọ, kí a má ṣe fi sílẹ̀ fún ìméfò. Kí a pe ẹnjiníà tí orúkọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ COREN.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Owó yín ni a fi ń mọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ògiri wọ̀nyí, àwòrán iwájú wọn tí a ti kùn ní ọ̀dà ni a sì ń fi ránṣẹ́ sí yín. Iwájú ògiri kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ wà, iyẹ̀pẹ̀ yóò sì bo méjèèjì mọ́lẹ̀ láàrin ọjọ́ kan. Ẹ ní kí a ya àwòrán ìpìlẹ̀, ti òkúta wẹ́wẹ́ àti ti páìpù ránṣẹ́ sí yín kí a tó dá iyẹ̀pẹ̀ padà. Ẹ má ṣe san owó tí ó kù kí ẹ tó rí i.

Ní ti àwa tí a ń ṣe olórí nínú ẹgbẹ́, bí a bá rán ẹni tí ó mọṣẹ́ lọ wo iṣẹ́ kan, tí ó sì padà wá sọ pé kò dára, tàbí pé owó tí a dá kò tó, ẹ má ṣe jẹ́ kí a bínú sí i. Àwọn alágbára Faransé bínú sí Coulomb, wọ́n sì ti í mọ́lé, ṣùgbọ́n a kò rántí orúkọ wọn mọ́, orúkọ tirẹ̀ ni a ń pè. Ìlú tí kò bá fẹ́ gbọ́ òótọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n, ògiri ni yóò wá sọ ọ́ fún un, ọ̀rọ̀ ògiri kì í sì í ní ìkìlọ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba bá wa dáàbò bo ìlú wa, kí Ó sì fún àwọn ọmọ wa ní irú ọkàn tí Ó fún ọkùnrin yìí, ọkàn tí kì í méfò ohun tí ó ṣeé wọ̀n.